Alárinà Tí Kò Yẹ̀bá

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́wọ́ kúrò lórí rẹ̀ ná. Bí ẹ ṣe ń fọwọ́ pa á yìí, òṣùwọ̀n mi ò ní lè kà á.”

Tiwalọlá ló wí bẹ́ẹ̀, ọmọbìnrin tí Ilé Ìgbọ́pọ̀ rán wá láti so ẹ̀rọ wa pọ̀. Ọmọ tó mọ̀wà ni. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó kúnlẹ̀ kí Baba Ṣódípẹ̀ tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kó tó ṣí àpò rẹ̀. Mo gbọ́wọ́ kúrò, àmọ́ kò rọ̀ mí lọ́rùn. Láti ọjọ́ tí Mofìyìn ọmọ mi ti fi ẹ́dífóònù àgbélórí yìí ránṣẹ́ sí mi láti ìlú òtútù ni mo ti ń pa á lórí bí ọmọ tuntun. Igi tó pọ́n bí epo ni wọ́n fi ṣe é, awọ rírọ̀ ló wà níbi tó ti ń kan etí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló yẹ kí ẹ rí. Kò ní ìdérí. Asẹ́ wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi bò ó, bí asẹ́ tí à ń fi sẹ́ ògì. Bí o bá gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, wàá rí òdìkejì. Nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe jẹ́ kó wọ Ẹ̀pẹ́. Èyí tó bá ní ìdérí lẹ́yìn, èbúté ni wọ́n ti ń gbà á, wọn a sì fi òòlù fọ́ ọ níṣojú ẹni tó ni ín.

Mo ti tẹ́ ẹní fún un, mo fi aṣọ funfun bò ó dé ìdajì, bí wọ́n ti ń ṣe ìyàwó.

Tiwalọlá gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ sún mọ́ ọn. Òṣùwọ̀n náà ò ju ẹyin àparò lọ.

“Ẹ kú ìjókòó o,” ni òṣùwọ̀n wí. Gbogbo ẹ̀rọ ayé ìsinsìnyí ló mọ̀ ọ́n kí. Ìkíni wọn tilẹ̀ dáa ju ti ọmọ èèyàn lọ. “Ẹlẹ́yìn-ṣíṣí ni ẹ̀rọ yìí. Òfin gbà á. Ọ̀ọ́dúnrún òòmù ni agídí rẹ̀.”

“Agídí wo nìyẹn?” ni mo bi ọmọ náà.

“Màmá, ohun tó ń wí ni pé kì í dá gbogbo èèyàn lóhùn. Iná tó bá wọ ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń tì í, kó tó sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé kí iná náà pọ̀ lápọ̀jù o. Kó ṣáà lè tì í.”

“Ó jọ ẹni tó ni ín!”

Ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni ohùn yẹn ti wá. Ráfátù ni. Láti kékeré la ti jọ wà, ìyá kan náà ló ń dirun fún wa, kò sì sí ìgbà kan tí Ráfátù dé ibì kan tí ohùn rẹ̀ ò ti ṣáájú rẹ̀ dé.

“Ẹ rọra o! Ẹ má gbá a mọ́ ògiri! Ọkọ ìyàwó lẹ rù yẹn, kì í ṣe àpò sìmẹ́ńtì!”

Ọkùnrin méjì fi ọ̀pá ru ẹ̀rọ kan gòkè wá, òógùn bò wọ́n. Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, pákó ilẹ̀ mi dáhùn. Áńpù Ráfátù rèé, ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára. Alágbára Ọ̀sà ni ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé, Múfútáù, máa ń pè é. Nígbà ayé ariwo, kò sí ìnáwó kan ní Ẹ̀pẹ́ tí wọn kì í wá yá a lò. Bí Múfútáù bá tan án, ẹja inú ọ̀sà á mọ̀.

Ráfátù fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ gun ilẹ̀, ó mí hẹlẹ, ó wo Baba Ṣódípẹ̀.

“Bàbá, ẹ ti wà níbí? Níbo ni tiyín wà?”

Baba Ṣódípẹ̀ fọwọ́ kan àpò aṣọ tó wà lórí itan rẹ̀. “Òun nìyí. Mo kàn wá kún iye ni, Ìyá Rásákì. Mo sì gbé ẹ̀pà sísè dání.”

Òótọ́ ló sọ, èmi ni mo ní kó wá kún iye. Òfin ò gbà kí wọ́n mú ẹyọ ọkọ kan ṣoṣo wá síwájú ẹ́dífóònù. Wọ́n ní ìyẹn kì í ṣe yíyàn, ìfipámúni ni. Baba Ṣódípẹ̀ ló ń gbé òdìkejì ọ̀nà wa. Ọkọ̀ ojú omi ló kàn títí ọwọ́ rẹ̀ fi rọ̀. A kì í ṣe ọ̀rẹ́, “ẹ káàárọ̀, ẹ kú ilé” ni tiwa. Mo lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, mo ní, “Bàbá, mo gbọ́ pé ẹ ní áńpù kékeré kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa fìdí rẹmi.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun á wá.

Ọkàn mi ti lọ sọ́dọ̀ Ráfátù kí òṣùwọ̀n tó fẹnu kan nǹkan kan. Omi ọ̀sà ti dé ìdí ilé rẹ̀, wọ́n fẹ́ wó o. Ẹni tó bá ní alábàágbọ́, ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá so mọ́ tiẹ̀, á kó tọ̀ ọ́ lọ. Bí wọ́n ṣe ń pín ilé nìyẹn. Ẹni tí kò bá ní, ọkọ̀ ọ̀la á gbé e lọ sí Erékùṣù Tuntun. Wọ́n ní ilé dára níbẹ̀. Wọ́n ní omi ń yọ lára ògiri, ibùsùn ń kí ọ ní àárọ̀. Àmọ́ taa ni Ráfátù mọ̀ níbẹ̀? Ta ni yóò máa bá jà?

Nítorí náà, èyí tó bá wù kí ẹ̀rọ Múfútáù dún, dídùn ni mo ti pinnu pé màá pè é.

Tiwalọlá gbé òǹtẹ̀ aláró tó fi ń so ẹ̀rọ méjì pọ̀ sórí ẹní. Ó jókòó gbọnin, ó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè tí wọ́n máa ń bèèrè.

“Kí ló dé tí a kì í dá gbọ́?”

“Nítorí Káṣìmáwò,” àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáhùn.

Apẹja ni Káṣìmáwò. Ọkọ̀ rẹ̀ dojú dé ní èbúté wa, ní ọ̀sán gangan. Ó ké títí. Èrò kún èbúté bámúbámú, àmọ́ gbogbo wọn ló fi ẹ́dífóònù di etí, kálukú ń gbọ́ tiẹ̀, orin ló ń mi wọ́n lórí. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà ò mọ̀ ọ́n lójú. Èmi mọ̀ ọ́n. Ó léyín méjì tó ṣẹ́ níwájú, ó sì máa ń gbé ẹja kékeré fún àwa ọmọdé lọ́fẹ̀ẹ́.

“Ta ló lè ní ẹ́dífóònù kó tún ní áńpù?”

“Kò sí.”

“Níbo ni ẹnì kejì ń jókòó?”

“Ẹ̀gbẹ́.”

“Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá pàdánù ńkọ́?”

“Òun ni alárinà.”

Ráfátù yí sí Baba Ṣódípẹ̀. “Bàbá, ẹ ti gbọ́ o! Ẹ̀yin lalárinà wa lónìí. Ẹ ó jẹ iyán alárinà, ẹ ó wá yẹ̀bá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ mọ̀ pé bí ọkọ àti ìyàwó bá ti mojú ara wọn, alárinà kì í dúró sí iyàrá mọ́.”

“Bí mo bá ti jẹ iyán tán, mo lọ nìyẹn,” ni Baba wí, ó ń bó ẹ̀pà.

“Kí ni a ó fi dán wọn wò?” Tiwalọlá bi mí.

“Òjò ni.”

Ọmọ náà gbójú sókè. Wọn kì í sábà mú òjò wá. Orin ni àwọn èèyàn ń mú wá. Àmọ́ ẹ wo orí wa. Òrùlé ayé yìí rọ̀ bí tìmùtìmù. Òjò a rọ̀, a dá, a ò ní mọ̀, àfi bí a bá yọjú. Láti ìgbà tí wọ́n ti ká páànù tó gbẹ̀yìn ní Ẹ̀pẹ́, etí mi ò tíì gbọ́ òjò. Ẹ̀gbọ́n mi Adémúyìwá ló fi fóònù gba ti ọjọ́ kan sílẹ̀, ọjọ́ tí odi ilé wa wó, tí gbogbo wa sá sí yàrá ìyá ìyá wa. Mofìyìn ló wá a rí fún mi.

“Òjò ọjọ́ tí odi wó?” Ojú Ráfátù tàn. “Èmi náà wà níbẹ̀!”

“O ò sí níbẹ̀.”

“Mo wà níbẹ̀, Ìbídùn.”

“Ìjẹ̀bú-Òde lo wà, lọ́dọ̀ àǹtí bàbá rẹ. Adémúyìwá, èmi, Ìyá Àgbà. Àwa la wà nínú ilé.”

“Mo jókòó sí ìdí ààrò! Mo rántí èéfín!”

“Èéfín wà ní Ìjẹ̀bú-Òde náà.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, láti ìgbà tí a ti ń dirun ọmọdé ni a ti ń ja ìjà yìí. A jà á ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. A jà á nígbà tí mo bí Mofìyìn, tó wá wẹ ọmọ fún mi. Tiwalọlá ń wo èmi, ó ń wo òun, kò mọ bí òun ṣe máa là wá.

“Mo ti kọ́kọ́ gbé ẹ́dífóònù mi lọ sí gbọ̀ngán ìjọba,” mo sọ fún un, kí ọ̀rọ̀ lè kúrò níbẹ̀. “Wọ́n fi sí áńpù pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ṣe gbogbo èèyàn lóore. Ó dún bí ẹ̀fọn tó kó sínú ìgò.”

“Áńpù yẹn ò lè ti agídí irú èyí, Màmá. Agbára rẹ̀ ò ká a.”

“Tiwa á ká a,” Ráfátù wí, ó fọwọ́ gbá Alágbára Ọ̀sà lẹ́yìn. “Èyí ti ti ìlú odindi rí.”

Wọ́n so ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀. Mo gbé ẹ́dífóònù lé orí. Ráfátù wá jókòó tì mí lórí àga gígùn, èjìká rẹ̀ kan tèmi bí òfin ti wí. Òórùn òróró àgbọn ni ara rẹ̀ ń ta, bíi tàtijọ́. Inú mi dùn. Mo ní nínú ọkàn mi pé, bó ṣe máa rí ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta nìyí.

Tiwalọlá tan án.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni mo ti ń gbọ́ nǹkan. Ṣáááá, bí ẹni tó da àkàrà sínú epo gbígbóná. Ọmọ náà fi ìka kan yí ibi tí wọ́n ti ń yí ohùn, díẹ̀ báyìí, bí ẹni tó fẹ́ mú iyọ̀ — òjò bú sí mi létí òsì bí ẹni da yangí lé mi lórí. Mo fò. Ó dá a padà. Etí òsì ń pariwo síbẹ̀, etí ọ̀tún ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tí wọ́n bá wí. Bó bá ti yí i sókè, etí mi á fẹ́ fọ́. Bó bá ti yí i sílẹ̀, ṣáááá ló kù. Kò sí àárín. Òjò ilé ìyá ìyá mi sì wà níbẹ̀, mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, àmọ́ ó dà bí ẹni tó dúró lẹ́yìn ọjà tó ń pè mí.

“Màmá, báwo?”

Mo fi gbogbo ẹ̀rín tó kù ní ẹnu mi rẹ́rìn-ín. “Ó dùn.”

“Ó dùn?”

“Ó dùn gan-an. Tẹ òǹtẹ̀.”

Ó na ọwọ́ sí òǹtẹ̀.

“Dúró ná,” Ráfátù wí.

Mi ò wo ojú rẹ̀.

“Ìbídùn, ta ló ń dín nǹkan?”

“Kò sẹ́ni tó ń dín nǹkan.”

“Mo ń gbọ́ epo. Mo jókòó tì ọ́, ẹ̀yìn ẹ̀rọ yìí sì ṣí, kí ló dé tí mi ò ní gbọ́? Mo gbọ́ epo, mo tún gbọ́ nǹkan kan tó pariwo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí o fi fò bí ewúrẹ́. Ìyẹn lo pè ní dídùn?”

“Etí àgbà lo fi ń gbọ́.”

“Etí àgbà kan náà la jọ ní!” Ó fọwọ́ gbé ẹ́dífóònù kúrò lórí mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni yọ gèlè. “Nígbà tí o bá fẹ́ purọ́, ẹnu rẹ ọ̀tún máa ń ṣáájú ti òsì. Mo ti mọ̀ ọ́n láti ilé kéwú.”

“Ráfátù, ṣé o mọ ohun tí ò ń ṣe? Bí ọmọ yìí ò bá tẹ̀ ẹ́—”

“Mo mọ̀ ọ́n.”

“Ọkọ̀ ọ̀la—”

“Mo ní mo mọ̀ ọ́n.” Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. “Mi ò ní jókòó tì ọ́ ní gbogbo Àbámẹ́ta kí n máa wo ojú rẹ tó ń rẹ́rìn-ín, kí etí rẹ sì máa jìyà. Ìwọ lo ń ṣàánú mi, àmọ́ èmi ni màá máa gbọ́ ọ.” Ó yí sí ẹ̀rọ ọkọ rẹ̀, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu eruku lára rẹ̀. “Kò sí ohun tó ṣe é. Múfútáù ò rà á fún etí ẹnì kan. Ìlú ló rà á fún. Bí o bá ní kí ẹni tó ń pe ìlú jọ wá sọ̀rọ̀ síni létí, kò lè mọ bó ṣe ń rẹ ohùn sílẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Baba Ṣódípẹ̀ dẹ́kun ẹ̀pà bíbó.

“Bàbá,” Ráfátù wí, “ẹ gbé tiyín wá.”

“Ṣèbí mo wá kún iye ni.”

“Ẹ ti kún un. Ẹ gbé e wá.”

Ó tú àpò rẹ̀. Àpótí pákó kékeré ló jáde, pákó ọkọ̀ àtijọ́ ni, mo rí ibi tí omi ti fá a. Gílóòbù mẹ́rin tó jẹ́ gíláàsì dúró lórí rẹ̀ bí ọmọ mẹ́rin tí wọ́n ní kó tò. Ráfátù wò ó, ó wò mí.

“Ṣé pé àtùpà ló fẹ́ fẹ́ ọ.”

“Ẹ ní sùúrù fún un,” Baba wí. “Kì í sọ̀rọ̀ bó bá jí. Ó ní láti gbóná ná.”

Òṣùwọ̀n kí i: “Ẹ kú ìjókòó o. Iná yìí ò pọ̀, àmọ́ ó mọ̀ ọ́n tì.”

A dúró dè é. A jẹ ẹ̀pà. Gílóòbù náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n nínú, díẹ̀díẹ̀, bí ẹ̀yinná tí èèyàn ń fẹ́. Mo gbé ẹ́dífóònù lé orí padà, Ráfátù sì kọ̀ kò dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Baba ló jókòó sí apá kejì. Báyìí ni wọ́n ṣe fi mí sáàárín.

Ọmọ náà yí ohùn. Ó yí i dé ìlàjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá rẹ̀, kò sí ariwo kankan. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Mo rò pé kò ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn náà, kán. Kán, kán.

Ẹyọ kan bọ́ sórí páànù, lókè lọ́hùn-ún, lọ́wọ́ ọ̀tún. Òmíràn bọ́ sí ẹ̀yìn mi. Mo yíjú wò ó. Ẹ má rín mi, mo yíjú wo òkè ilé ara mi. Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ wá, wàràwàrà, àmọ́ wọn ò pa ara wọn rẹ́. Mo gbọ́ èyí tó ń bọ́ sí páànù tuntun, mo gbọ́ èyí tó ń bọ́ sí páànù ìpẹ́kun tó ti dípẹtà, tó máa ń dún bí ẹni ń họ ìkòkò. Mo gbọ́ omi tó ń ya wọ àgbá lábẹ́ òrùlé. Adìẹ kan ń ráhùn nínú agbọ̀n. Yàrá náà fẹ̀. Mo mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà, mo mọ ibi tí ìyá ìyá mi jókòó sí, nítorí mo gbọ́ tó ń ro ọbẹ̀, tí orógùn ń kan etí ìkòkò.

Mo wà nínú ilé wa.

Àti nígbà náà, láti ìdí ààrò, lábẹ́ gbogbo òjò yẹn, ohùn ọmọdé kan, tó há bí ohùn ẹni tí wọ́n ti ń fìyà jẹ láti àná:

“Ìyá Àgbà, ṣé ọbẹ̀ yẹn ò tíì jinná ni?”

Ìyá ìyá mi sì dáhùn, bí ìgbà tó wà níwájú mi: “Ráfátù! Odi wó, o ò bèèrè. Òjò ń rọ̀ wọlé, o ò bèèrè. Ọbẹ̀ nìkan lo ò jẹ́ kó sinmi!”

Mi ò ní láti sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìn ẹ́dífóònù mi ṣí. Ráfátù gbọ́ ọ. Baba gbọ́ ọ. Tiwalọlá tó kúnlẹ̀ níwájú wa gbọ́ ọ, ó sì fọwọ́ bo ẹnu.

Ráfátù dìde dúró láìlo ọ̀pá.

“Ìjẹ̀bú-Òde! Ìbídùn! Ìjẹ̀bú-Òde lo sọ!”

“Mo gbọ́.”

“Láti ìgbà wo? Láti ìgbà wo ni mo ti ń sọ ọ́?”

“Ráfátù, mo ní mo gbọ́.”

“Ẹ gbé e padà, ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kó tún un gbọ́.”

A gbé e padà. A gbé e padà títí Baba Ṣódípẹ̀ fi ń nu omijé ẹ̀rín. Ìgbà tó yá, Ráfátù jókòó, ẹ̀rín rẹ̀ dínkù, ó ń wo gílóòbù mẹ́rin náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìborùn rẹ̀, ó ká a kékeré, ó tún ká a.

“Ó dáa,” ló wí. “Èyí lọkọ. Ọmọ, tẹ̀ ẹ́.”

“Ráfátù—”

“Tẹ̀ ẹ́, ọmọ mi. Mo fẹ́ràn bó ṣe rí. Èmi lalárinà, mo sì ti ṣiṣẹ́ mi. Àwọn méjèèjì á mojú ara wọn, alárinà á yẹ̀bá, ọkọ̀ ọ̀la á gbé mi. Ẹ fún mi ní iyán mi kí n máa lọ.”

Tiwalọlá tẹ òǹtẹ̀ aláró mọ́ ìdí ẹ́dífóònù, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí àpótí pákó. Ó wá wo Ráfátù bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò yé.

“Màmá, ọkọ̀ kẹ̀? Ilé kan náà lòfin ka alárinà mọ́. Wọn ò lè gbé e lọ níwọ̀n ìgbà tí àwọn méjèèjì ò bá tíì mojú ara wọn. Nítorí ìjà ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀, kí ẹnì kan lè wà láàárín.”

Ráfátù dẹ́kun ìborùn kíká.

“Ta ló ń sọ pé wọ́n ti mojú?”

“Àwọn fúnra wọn ni. Èmi ni mo máa ń wá bèèrè lọ́dọọdún.”

Èmi wo Ráfátù. Ráfátù wò mí. Kò sẹ́ni tó fẹ́ wo Baba Ṣódípẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà kù sọ́wọ́ rẹ̀, ọkùnrin tí a pè wá fìdí rẹmi.

Baba bó ẹ̀pà kan. Ó fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù.

“Ní tèmi o,” ló wí, “n kì í tètè mọ èèyàn. Ìyá àwọn ọmọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, àfìgbà tí irun wa funfun tán ni mo tó mọ̀ pé kò fẹ́ràn ẹ̀pà. Ojoojúmọ́ ni mo ń sè é fún un.” Ó na ọwọ́ ẹ̀pà sí mi. “Ṣé ẹ fẹ́ràn ẹ̀pà, Ìyá Mofìyìn?”

“Bàbá, mi ò tíì lè sọ,” ni mo dá a lóhùn. “Ó máa pẹ́ díẹ̀.”

Ráfátù pa ẹ̀yìn dà. Ó ní eruku ẹ̀rọ Múfútáù ló wọ òun lójú.

Ilé mi ló kó sí. Alágbára Ọ̀sà náà bá a wá. Gbọ̀ngán èbúté ni wọ́n gbé e sí lẹ́yìn náà, òun ni wọ́n fi ń pe àwọn apẹja wálé bí ìjì bá ń bọ̀, ohùn rẹ̀ sì ń dé ọ̀hún, ibi tí omi ti dúdú. Ráfátù máa ń jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ́ ọ. Ní gbogbo Àbámẹ́ta, Baba a gbé àpótí pákó rẹ̀ kọjá ọ̀nà, a jókòó lórí àga gígùn, a dúró dè é kó gbóná. Nígbà mìíràn òjò la ń gbọ́, nígbà mìíràn orin. Bí oorun bá gbé mi, Baba a fi aṣọ bo orúnkún mi. Mo máa ń mọ̀.

Tiwalọlá ń wá lọ́dọọdún, aṣọ aláró rẹ̀ lọ́rùn, òṣùwọ̀n rẹ̀ ń kí ilé láti ẹnu ọ̀nà. Ìgbà tó wá kẹ́yìn, ó ti lóyún. Ó bá mi lórí àga, Baba wà nínú ilé ìdáná mi, ó ń ro ọbẹ̀ ẹja, ó sì ti mọ ibi tí mo ń kó iyọ̀ sí.

“Màmá, ìbéèrè ọdọọdún ni o. Ṣé ẹ ti mojú ara yín?”

“Rárá o.”

“Bàbá ńkọ́?”

“A ò tíì mojú!” ni Baba ké láti ìdí ààrò. “Ọjọ́ ṣì wà níwájú!”

Ọmọ náà kọ ọ́ sílẹ̀, kò gbójú sókè, àmọ́ mo rí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀.

“Má yọ wọ́n lẹ́nu,” Ráfátù wí láti ẹ̀gbẹ́ mi. “Ìpàdé wọn le. Mo ṣì ń fi wọ́n mọ ara wọn.” Ó fi imú fa afẹ́fẹ́, ó na ọrùn sí ilé ìdáná. “Bàbá, ṣé ọbẹ̀ yẹn ò tíì jinná ni?”